Ohun Èlò Ìwé Kíkà Tí A Lè Rí Rà ní Ọjà Arzèkè



Ẹni tó ra ọkọ́ tí kò ní èèkù, kò lè fi ọkọ́ náà kọ ebè. Ìwé náà ní èèkù tirẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló parí kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, tí wọ́n gba ìwé lọ sí ilé tayọ̀tayọ̀, ṣùgbọ́n kí ọdún kan tó pé, ewé ìwé náà ti di èyí tí a fi ń pọ́n àkàrà. Bí ẹ bá bi wọ́n, wọn á ní àwọn ti gbàgbé ìwé. Nígbà mìíràn, kì í ṣe ìgbàgbé. Ojú ni kò rí lẹ́tà kéékèèké mọ́. Tàbí iná kò sí lálẹ́. Tàbí ikán ti jẹ ìwé láti ẹ̀yìn. Tàbí ọmọ ń ṣu gbuuru, ìyá rẹ̀ sì mọ̀ pé òun ti ka ohun tí a ń ṣe sí i rí, ṣùgbọ́n ó wá ojú ìwé náà títí, kò rí i.

Àwọn ohun tó lè tún èyí ṣe kéré, wọn kò sì wọ́n. Bí ẹ bá lọ ta iṣu, ẹ̀wà tàbí òrí ní ọjà Arzèkè ní Parakou, ẹ lè fi díẹ̀ nínú owó náà rà wọ́n kí ẹ tó padà. Ọjà ńlá ni Arzèkè. Baatonum, Dendi, Yorùbá àti Fọn ni a ń gbọ́ níbẹ̀, nítorí náà ẹ ó rí ẹni bá yín ná ọjà ní èdè tí ẹ gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, kí àwọn ọmọ tó padà sí ilé ìwé, ohun èlò ìwé máa ń kún ọjà. Ìgbà náà ni ó dára jù láti yàn.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ojú, nítorí pé òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rò.

AWÒ OJÚ

Ẹ wo ìyá tó ń ránṣọ. Ní ìgbà kan, òun fúnra rẹ̀ ló ń ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Nísinsìnyí, ọmọ ló ń pè: "Wá bá mi ki òwú yìí." Ẹ wo bàbá tó gba ìwé, tó ń na ọwọ́ síwájú títí ọwọ́ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ má tó o mọ́. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ lókèèrè, ó ń mọ̀ ọ́n. Ohun tó wà nítòsí ni kò hàn sí i.

Èyí kì í ṣe àìsàn, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ayé. Ohun kan wà nínú ojú wa tó dà bí awò kékeré. Nígbà èwe, ó rọ̀, ó ń yí ara padà láti wo ìtòsí àti láti wo ọ̀nà jíjìn. Bí ọdún ti ń lọ, ó ń le. Láti nǹkan bí ogójì ọdún ni ènìyàn ti ń rí i lára, kò sì sí ẹni tí kò ní kàn. Kò sí àgbo tàbí omi ojú tó lè mú un rọ̀ padà. Awò ojú ìkàwé ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá ti lé ní ogójì ọdún, tí lẹ́tà sì ń pòòyì lójú yín ní kíláàsì, ẹ má tíì sọ pé orí yín kò gba ìwé. Mo rò pé awò ojú ti dá àwọn àgbà padà sí kíláàsì ju ọ̀rọ̀ ìyànjú lọ.

Báwo ni a ṣe ń yàn án? Àwọn tó ń ta awò ojú ní ọjà máa ń tò ó sórí pátákó. Nọ́ńbà wà lára awò kọ̀ọ̀kan: 1, 1,5, 2, 2,5, 3. Bí nọ́ńbà bá ti pọ̀ tó ni awò ṣe lágbára tó. Ẹ mú ìwé tí ẹ ń kà nílé dání lọ sí ọjà. Ẹ dúró níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà, ẹ di ìwé mú bí ẹ ti ń dì í mú nílé, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ láti orí nọ́ńbà tó kéré jù. Èyí àkọ́kọ́ tó jẹ́ kí ẹ ka ojú ìwé kan láìfún ojú pọ̀, òun ni tiyín. Ẹ má mú èyí tó lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ nítorí pé ó sọ lẹ́tà di ńlá. Orí yóò máa fọ́ yín. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọwọ́ bo ojú kan, kí ẹ fi èkejì kà. Ẹ ṣe é fún ojú méjèèjì. Bí ojú kan bá rí i tí èkejì kò rí i, awò ọjà kò tó fún yín.

Awò dúdú tí a fi ń dènà oòrùn kì í ṣe awò ìkàwé. Ẹ má sì fi awò ìkàwé gun alùpùpù, nítorí pé ohun tó wà lókèèrè kò ní hàn dáadáa nínú rẹ̀. Bí awò bá dọ̀tí, omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Bí ẹ bá fi aṣọ tó ní eruku nù ún, eruku yóò ha á.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a dúró lé lórí. Oníṣòwò awò kì í ṣe dókítà. Àìsàn kan wà tí àwọn dókítà ń pè ní glaucome. Ó ń jẹ ojú díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà láìdun ènìyàn rárá, ohun tó bá sì ti jẹ kò ní padà. Òmíràn ń mú kí ojú ṣú bí ẹni pé èéfín wọ inú rẹ̀, títí ẹyin ojú yóò fi funfun. Fún ìyẹn, dókítà lè ṣe iṣẹ́ abẹ, kí ènìyàn sì tún ríran. Bí ojú bá pọ́n tó sì ń dùn yín, bí ẹ bá ń rí òbìrìkìtì aláwọ̀ yí iná ká, tàbí bí ojú kan bá ṣú lójijì, ilé ìwòsàn ni kí ẹ lọ, kì í ṣe ọjà. Ẹ má sọ pé àìsàn ojú kò gbóògùn. Ní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé orílẹ̀-èdè Benin ti borí trachome, àìsàn ojú pípọ́n tó ti sọ ọ̀pọ̀ ènìyàn di afọ́jú ní àríwá ilẹ̀ wa, débi pé kì í ṣe ìṣòro gbogbo ìlú mọ́.

Fún ẹni tí ojú rẹ̀ dára ṣùgbọ́n tí ìlà ìwé ń dàrú mọ́ ọn lójú, kò sí ohun tí yóò rà. Kó gé páálí kan, kó gbé e sí abẹ́ ìlà tó ń kà, kó máa sún un wálẹ̀. Rúlà náà dára, ṣùgbọ́n páálí kò náni ní nǹkan.

PẸ́ŃSÙLÙ ÀTI BÍÌKÌ

Lẹ́yìn ojú, ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pẹ́ńsùlù, èyí tí àwọn ọmọ ilé ìwé wa ń pè ní kíréyọ̀n. Pẹ́ńsùlù dúdú lásán ni, èyí tí a kọ HB sí lára.

Kí ló dé tí kì í fi í ṣe bíìkì? Bíìkì ní àyè tirẹ̀. Ó dára fún kàyé, fún lẹ́tà, àti fún ìwé owó tí a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pa nǹkan rẹ́ nínú rẹ̀. Ní Borgou níbí, ní àwọn ọdún 1980, àwọn ẹgbẹ́ àgbẹ̀ abúlé ń wọn òwú wọn fúnra wọn, tí àwọn tó ti kọ́ ìwé ní èdè Baatonum sì ń kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá dúró létí ìwọ̀n pẹ̀lú kàyé àti bíìkì, ó ṣòro láti rẹ́ àwọn àgbẹ̀ jẹ. Ṣùgbọ́n ìwé títẹ̀ yàtọ̀. Ohun tí a bá fi bíìkì kọ sínú rẹ̀ kò ṣeé pa rẹ́, bẹ́ẹ̀ òye wa ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Ohun tí pẹ́ńsùlù bá kọ ṣeé pa rẹ́. Bí òjò bá sì pa ìwé, ohun tí a fi pẹ́ńsùlù kọ kì í ṣàn.

Àwọn kan ń bẹ̀rù pé òjé wà nínú pẹ́ńsùlù, pé májèlé ni. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun dúdú náà ń jẹ́ graphite. Ọmọ ìyá èédú ni, amọ̀ ni a pò mọ́ ọn. Ará Faransé kan tó ń jẹ́ Nicolas-Jacques Conté ló rí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1795. Bí amọ̀ bá pọ̀ nínú rẹ̀, pẹ́ńsùlù a le, ìlà rẹ̀ kò sì ní dúdú púpọ̀. Bí amọ̀ bá kéré, a rọ̀, a sì dúdú. HB wà láàárín. Àwọn ìyá amọ̀kòkò yóò tètè gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi lọ.

Ẹ ra ráábà, ẹ sì ra ohun kékeré tí a fi ń gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsùlù. Abẹ tí a fi ń gbẹ́ ẹ nílé ti gé ọmọ púpọ̀ lọ́wọ́. Nípa bíìkì, ẹ wò ó, ẹ ó rí i pé orí ìdérí rẹ̀ ní ihò. Nítorí ọmọdé ni. Bí ìdérí bá há ọmọ lọ́fun, afẹ́fẹ́ díẹ̀ lè gba ihò náà kọjá nígbà tí a bá ń gbé e sáré lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má torí ihò yìí fi bíìkì sílẹ̀ fún ọmọ ọwọ́ o.

KÍ NI A Ó KỌ SÍ ETÍ ÌWÉ?

Àwọn kan rò pé ìwé tí a kọ nǹkan sí ti bàjẹ́. Ìyẹn kì í ṣe àṣà wa láti ilẹ̀. Àwọn Kùránì àtijọ́ kan wà láti ilẹ̀ Borno, tí wọ́n ti lé ní 300 ọdún. Láàárín ìlà wọn àti ní etí ìwé, àwọn ààfáà ìgbà náà kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ní èdè Kanembu, kí ẹni tó ń kọ́ ìwé lè mọ ohun tó ń kà. Wọn kò ba ìwé náà jẹ́. Lónìí, ohun tí wọ́n kọ sí etí ìwé yìí gan-an ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń wá kiri.

Etí ìwé ni ibi tí ìwé ti ń di ti ilé wa. Ẹni tó kọ ìwé kò mọ ilé yín, kò sì mọ oko yín. Ẹ jẹ́ kí a mú àpẹẹrẹ kan. Ìwé ìlera sọ pé bí ọmọ bá ń ṣu gbuuru, kí a fún un ní omi oníyọ̀ àti ṣúgà: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí kékeré 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kékeré, kí a gé orí ṣíbí dọ́gba. Ó dára. Ṣùgbọ́n kí ni lítà 1 nínú ilé yín? Púpọ̀ nínú ìgò omi tí a ń rà ní ọjà jẹ́ lítà 1 àti ààbọ̀. Bí a bá bu omi kún un, tí a wá fi ìwọ̀n ìwé sí i, oògùn náà yóò ṣe fẹ́ẹ́rẹ́ jù. Bí a bá lo ìgò kékeré, iyọ̀ yóò pọ̀ jù, iyọ̀ púpọ̀ sì léwu fún ọmọ. Nítorí náà, kí àìsàn tó dé, ẹ wá ohun tó jẹ́ lítà 1 dájúdájú, ẹ wọn omi láti inú rẹ̀ sínú ìgò yín, kí ẹ sì fa ìlà sí ara ìgò níbi tí omi dé. Lẹ́yìn náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù kọ sí etí ìwé níbẹ̀: "Ìgò wa, dé ojú ìlà." Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Bí ọmọ bá wá ṣàìsàn ní òru, kò sí ẹni tí yóò máa ṣírò. (Bí ẹ bá rí oògùn inú páálí tí ilé ìwòsàn ń fún ni, èyí tí wọ́n ń pè ní SRO, òun ló dára jù. Ẹ ka ara páálí rẹ̀ kí ẹ lè mọ iye omi tó gbà. Bí ojú ọmọ bá ti jìn sínú, tàbí tí kò lè mu omi mọ́, ẹ má dúró nílé.)

Bẹ́ẹ̀ náà ni oko. Ká ní ìwé sọ pé kí a fi àpò ajílẹ̀ 3 sí hẹ́kítà 1. Hẹ́kítà 1 ni ilẹ̀ tó gùn ní mítà 100, tó sì fẹ̀ ní mítà 100. Oko yín lè má tó bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ìdajì hẹ́kítà, ẹ kọ ọ́ sí etí ìwé: "Oko òkè odò: àpò 1 àti ààbọ̀." Ẹ fi ọdún sí i. Lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ kọ iye òwú tàbí àgbàdo tó jáde sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ohun tó wà létí ìwé yẹn yóò wúlò fún yín ju ohun tí a tẹ̀ sí àárín lọ.

Ẹ má fa ìlà sí abẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Mo ti rí ìwé tí a fa ìlà sí láti òkè dé ìsàlẹ̀. Kò yàtọ̀ sí èyí tí a kò fa ìlà kankan sí. Ohun tí ẹ ó fi ọwọ́ ṣe ni kí ẹ fa ìlà sí, kì í ṣe ohun tó dùn létí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣe yín ní iyèméjì, ẹ fi àmì ìbéèrè sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ bi olùkọ́ tàbí nọ́ọ̀sì. Ní ẹ̀yìn ìwé, níbi tí kò sí nǹkan, ẹ kọ àwọn ohun tí ẹ máa ń wá jù àti nọ́ńbà ojú ìwé wọn: "Ìgbẹ́ gbuuru, 14. Ẹ̀wà pípamọ́, 31." Èyí ni yóò yọ ìyá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ nínú wàhálà.

Ṣùgbọ́n bí ìwé kì í bá ṣe tiyín, ẹ má kọ nǹkan sí i, kódà pẹ̀lú pẹ́ńsùlù. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé pélébé, kí ẹ fi há ojú ìwé náà. Ìwé ìlera ọmọ, èyí tí nọ́ọ̀sì ń kọ abẹ́rẹ́ àjẹsára sí, jẹ́ ti ọmọ àti ti nọ́ọ̀sì. Ẹ máa kà á, ẹ máa wo ọjọ́ tí abẹ́rẹ́ kàn, kí ẹ sì kọ ọjọ́ náà sórí kàlẹ́ńdà ara ògiri. Ẹ má fi ọwọ́ kan ohun tí wọ́n kọ sínú rẹ̀.

ÌWÉ ARA ÌGÒ OÒGÙN

Ìwé kan wà tí kò ní ẹ̀yìn, tí kò ní àwòrán, tó sì ṣe pàtàkì ju ọ̀pọ̀ ìwé lọ. Òun ni èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn apakòkòrò.

Ní àkókò òwú ọdún 1999 sí 2000, oògùn kan tó ń jẹ́ endosulfan pa ènìyàn ní agbègbè òwú Borgou. Àwọn tí ìjọba kà pé wọ́n kú tó 37, ó kéré tán. Oúnjẹ tí oògùn ti kàn, àgbàdo inú oko òwú tí wọ́n ti fín, agolo òfìfo tí a fi bu omi mu: irú nǹkan báwọ̀nyí ló fa ikú. Ní ọdún 2011, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú àdéhùn Stockholm fi endosulfan kún àwọn oògùn tí ayé gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n oògùn mìíràn tó lè pa ènìyàn ṣì wà nínú oko. N kò ní sọ pé mímọ ìwé kà nìkan ì bá gba gbogbo wọn là. Ẹni tí ebi ń pa nínú oko kì í wá ìwé kà kó tó ya àgbàdo. Ohun tí mo mọ̀ ni pé, bí ẹnì kan nínú ilé bá ti ka ìwé ara ìgò, tó sì ti sọ fún àwọn ọmọ pé ọjọ́ báyìí ni a lè tó wọ inú oko, ọ̀ràn yóò yàtọ̀.

Lẹ́tà ara ìgò máa ń kéré gan-an, èdè Faransé sì ni. Ohun èlò méjì ló wúlò níbẹ̀. Èkíní ni awò ọlọ́wọ́ tó ń mú kí ohun kékeré tóbi lójú. Èkejì ni téèpù oníwèé, èyí tí àwọn akunlé máa ń lò, tí a lè kọ nǹkan sí. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbọ́ Faransé ka ìwé náà fún yín, kí ẹ sì kọ ìtumọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá sórí téèpù: ohun tí a fi oògùn náà fín, ìwọ̀n tí a ń bù sínú omi, àti iye ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ dúró kí a tó kórè. Bíìkì ni kí ẹ lò fún èyí. Ẹ lẹ̀ ẹ́ sí ibi tí kò sí ọ̀rọ̀. Ẹ má fi bo ohun tí ilé iṣẹ́ kọ mọ́lẹ̀, nítorí pé bí oògùn bá pa ènìyàn lára, ìwé náà ni dókítà yóò fẹ́ rí.

Ní ìsàlẹ̀ ìwé náà, ìlà gbòòrò aláwọ̀ kan máa ń wà. Pupa ni ti oògùn tó léwu jù lọ. Àwọ̀ ìyeyè tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà búlúù, lẹ́yìn náà àwọ̀ ewé. (Àwọ̀ ewé kò sọ pé a lè fi fọ ẹnu o.) Ẹni tó bá ra pẹ́ńsùlù aláwọ̀ mẹ́rin yìí lè fi àwọ̀ kan náà sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ oògùn nínú kàyé rẹ̀, kí ẹni tí kò mọ̀wé nínú ilé pàápàá lè mọ èyí tó yẹ kí òun bẹ̀rù. Oògùn tí wọ́n rọ sínú ìgò ọtí tàbí ìgò omi, tí kò ní ìwé kankan lára, ẹ má rà á rárá, bó ti wù kó pọ́ọ́kú tó.

Nígbà tí a wà lórí èyí: ẹ má fi itọ́ sí ìka láti ṣí ìwé. Ọwọ́ tó ti inú oko wá ń gbé ohun tó fọwọ́ kàn sórí ìwé, itọ́ yóò sì gbé e padà sí ẹnu. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó mú ìwé.

ÀMÌ OHÙN

Ìwé Yorùbá ní ìṣòro kan tí ìwé Faransé kò ní. Ọ̀pọ̀ ìwé ìròyìn àti ìwé pélébé ni wọ́n ń tẹ̀ láìfi àmì ohùn sí. Bí a bá kọ "ọkọ" láìsí àmì, ó lè jẹ́ ọkọ ìyàwó, ó lè jẹ́ ọkọ́ tí a fi ń roko, ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ sí Kútọnu. Níbi tí ẹ bá ti kọsẹ̀, tí ẹ sì ti wá mọ ọ̀rọ̀ náà, ẹ fi pẹ́ńsùlù fi àmì sí i. Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ o, èyí tó dá yín dúró nìkan. Nígbà tí ẹ bá tún kà á, ẹ ó kọjá láìfẹsẹ̀kọ.

Ìwé tó wá láti Nàìjíríà máa ń kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì lábẹ́. Àwọn ìwé tí a tẹ̀ ní Benin gẹ́gẹ́ bí ìlànà èdè ilẹ̀ wa ń kọ wọ́n báyìí: ɛ, ɔ, sh. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹ kọ méjèèjì sí inú èèpo ìwé yín pẹ̀lú pẹ́ńsùlù, ẹ ó sì lè ka ìwé ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Bí àmì abẹ́ lẹ́tà kò bá hàn sí yín rárá, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ awò ojú.

INÁ ALẸ́

Ojú ọjọ́ ni iná tó dára jù, ṣùgbọ́n ta ló ráyè ní ọ̀sán? Àtùpà kékeré tó ń lo oòrùn ti wà ní ọjà báyìí. A ń gbé e sí oòrùn ní ọ̀sán, a sì ń lò ó ní alẹ́. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju àtùpà elépo lọ, nítorí pé kò ní èéfín, kò sì sí ọmọ tí yóò mu epo rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti mu epo kẹrosíìnì nínú ìgò tí wọ́n rò pé ohun mímu ni. Ẹ lè gbé àtùpà oòrùn wọ inú àpò ẹ̀fọn láti kàwé. Iná tó ní ahọ́n kò gbọ́dọ̀ wọ ibẹ̀ láé.

Ẹ gbé iná sí apá òsì bí ẹ bá ń fi ọwọ́ ọ̀tún kọ̀wé, kí òjìji ọwọ́ má bo ìwé. Àwọn àgbà máa ń sọ pé kíkàwé nínú iná bàìbàì ń fọ́ ojú. Kì í fọ́ ojú. Ó ń mú kí ó rẹ ojú ni.

ÌBÒ ÌWÉ ÀTI IBI TÍ A Ó GBÉ E SÍ

Tẹ́lẹ̀, ọ̀rá dúdú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń di ìwé. Láti ìgbà tí òfin ọdún 2017 ti dè é ní Benin, ẹ jẹ́ kí a lo bébà. Kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá dára púpọ̀. Àpò sìmẹ́ńtì náà dára, ó sì lágbára jù ú lọ: ìpele bébà rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ, ẹ mú èyí tí kò kan sìmẹ́ńtì. Ṣùgbọ́n páálí tàbí àpò tí oògùn oko tàbí irúgbìn tí a fi oògùn pa ti wà nínú rẹ̀, ẹ má fi bo ìwé, ẹ má sì fún ọmọ ilé ìwé.

Ẹ má ṣẹ́ etí ojú ìwé láti mọ ibi tí ẹ kà dé. Ẹ tọrọ àjákù aṣọ gígùn kan lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ fi há a. Bí ìwé bá tutù, ẹ fi bébà gbígbẹ sí àárín ewé rẹ̀, kí ẹ ṣí i sí ibi afẹ́fẹ́ lábẹ́ òjìji. Iná ààrò yóò mú un ká.

Ikán ni ọ̀tá ìwé jù lọ ní ilẹ̀ wa. Láti inú ilẹ̀ àti ògiri amọ̀ ló ti ń wá, nítorí náà kò yẹ kí ìwé kan ilẹ̀ tàbí kó fara ti ògiri. Ẹ jẹ́ kí télọ̀ rán àpò aṣọ kékeré kan fún yín, kí ẹ so ó rọ̀ sára igi àjà, níbi tí ọwọ́ àgbà lè tó. Ìwé, awò ojú àti ráábà yóò wà nínú rẹ̀. Pẹ́ńsùlù ní tirẹ̀, ẹ fi okùn so ó mọ́ ara àpò náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àwọn ọmọ ilé ìwé yóò gbé e lọ.